Fìlà Oníwáyà Tí Ẹ Dé Bàbá Rẹ Lórí

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. O kú iṣẹ́, o kú ìjókòó, o kú wíwo orí olórí. Àlàáfíà la wà, ara le, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, àti èyí tó ju orúnkún lọ tí mo fẹ́ sọ. Mo gbàdúrà pé kí ẹni tó dá ọ máa bá ọ gbé, kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ má rí ẹ̀yìn rẹ, kí o má ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń sáré. Mo ti bá ọ ṣe àmín rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ dí.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o fi ohùn rẹ rán sórí fóònù mi, mo sì dá ọ lóhùn dáadáa. Mo bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, o ò fèsì, ò ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ. Mo ní kí o sinmi kí èmi náà sọ̀rọ̀, o ò sinmi. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì bóyá ara rẹ á ti balẹ̀, o tún já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu níbi kan náà gan-an. Mi ò mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi kúkú mú bírò.

Bàbá rẹ ló fa ìwé yìí. Nígbà tí a ti ọ̀dọ̀ rẹ dé, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi dárúkọ rẹ. Tí mo bá ní ọmọ wa báyìí, á bi mí pé ẹsẹ̀ àga wo ni mo sọ pé ó ń mì. Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ìwọ ń wò. Èmi tí ẹ fi sórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ìlẹ̀kùn bí ẹrù tí olówó rẹ̀ kò tíì dé, èèyàn ni mò ń wò. Torí náà jẹ́ kí n ròyìn fún ọ, kí o lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ.

Ó kúkú ti pé ọdún méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ. Ọwọ́ tó fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà fún ọdún méjìdínlógójì, ó wá ń so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí apá ẹ̀wù tí wọn ò tíì rán mọ́ra. Nígbà tí o wá pè pé níbi iṣẹ́ rẹ, ẹ ń wá àwọn tí ọwọ́ wọn ò dáhùn mọ́, pé ẹ fẹ́ máa kà á láti inú orí wọn, ohun tí ọwọ́ wọn fẹ́ ṣe, kí ẹ lè fi kọ́ ọwọ́ onírin lọ́jọ́ iwájú, kò dúró kí o sọ̀rọ̀ tán. Ó gbé fóònù fún mi, ó lọ bá onígbàjámọ̀ pé kó gé irun òun mọ́lẹ̀.

Onígbàjámọ̀ yẹn, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ sọ fún un pé wọ́n fẹ́ ka ohun tó wà lórí òun. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó ọpọlọ bàbá rẹ sínú kọ̀ǹpútà, àti pé a ti gba owó ìdajì. Obìnrin tó ń ta ìwé ní ìkángun òpópónà wá bá mi, ó ní ṣé ọkọ mi á ṣì dá mi mọ̀ tó bá dé. Mo ní nígbà tí ọpọlọ náà ṣì pé, ṣé ó rántí ọjọ́ tí a ṣègbéyàwó ni.

Ibi iṣẹ́ yín dára, mi ò ní purọ́. Ó tutù bí inú fíríìjì, ògiri funfun, iná funfun, èèyàn mẹ́rin tí ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Fọ́ọ̀mù lẹ kọ́kọ́ fún wa, ojú ewé mọ́kànlá. Mo kà á tán torí mo mú awò mi lọ́wọ́. Ó ní bàbá rẹ lómìnira láti dìde kó máa lọ nígbàkúùgbà. Mo wò yí ká, mi ò rí ẹni tó dì í mú. Ó ní ẹnì kankan ò ní mọ orúkọ rẹ̀, pé Olùkópa Kẹtàdínlógún ni wọ́n á máa pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, tó fi tọ́ ẹ dàgbà, ó di nọ́ńbà nínú ilé tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀làjú ni. Níbi tí wọ́n ti bi í pé ọwọ́ wo ló ń lò, ọ̀tún ni àbí òsì, ó fi ọwọ́ òsì di bírò mú títí, kò fi àmì sí ibì kankan. Ìwọ lo bá a fi àmì sí ọ̀tún. O ṣe é kíákíá, o yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. O rò pé mi ò rí ọ.

Lẹ́yìn náà ẹ fẹ́ wọn orí rẹ̀, láti àárín ojú dé ìpàkọ́, kí ẹ lè mọ ibi tí fìlà máa jókòó sí. Ìwọ àti ọ̀gá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tú dúrọ́ọ̀, ẹ ń wá téèpù. Ilé tí ẹ ti ń gbọ́ ohun tí èèyàn ò tíì sọ, kò ní téèpù. Mo yọ tèmi nínú báàgì, mo wọn orí ọkọ mi bí mo ṣe ń wọn ti oníbàárà, ínṣì mẹ́rìnlá. Ọ̀gá rẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ mi ò ní sí nínú ìwé tí ẹ máa tẹ̀ jáde, mi ò sì bínú.

Ẹ wá gbé fìlà dé e. Fìlà yẹn, ká má tan ara wa, mi ò lè rán irú ẹ̀ fún ẹni tó jẹ mí lówó. Àwọ̀n ni, bọ́tìnnì kún inú rẹ̀, wáyà ń jáde lára bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ń fi abẹ́rẹ́ tí kò lẹ́nu fún ìpara tútù sí abẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí kan gbáko. Bàbá rẹ tí kì í jẹ́ kí n fi òróró kan irun òun, ó jókòó bí ìyàwó tuntun.

O ṣàlàyé fún mi nígbà náà, mo sì fetí sí i. O ní kí ọwọ́ tó gbéra, iná kékeré kan á ti ṣẹ́jú nínú orí. Mo ní ṣé bíi ti iná ilé wa tó máa ń ṣẹ́jú kó tó lọ, o ní rárá, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọ. O ní mọ́dẹ̀lì kan ló ń wo iná náà. Mo wá mọ́dẹ̀lì yẹn títí. Àwọn tí mo mọ̀ ní mọ́dẹ̀lì ni àwọn ọmọbìnrin gíga tó wà nínú ìwé aṣọ mi, tí ebi ń pa. O ní tiyín ò ní ara, ìṣirò ni, pé ó ń pín ohun tí bàbá rẹ ń rò sí kíláàsì mẹ́rin: kíláàsì di ẹ̀ṣẹ́, kíláàsì la ọwọ́, kíláàsì yí ọrùn ọwọ́, àti kíláàsì má ṣe nǹkan kan. Mo ní èwo ló ga jù, o ní wọn ò ga ju ara wọn lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí kíláàsì ò ga ju ara wọn lọ, tí àwọn tó sì ń ṣe ìsinmi ní kíláàsì tiwọn. Mo ní a dúpẹ́.

O tún ní mọ́dẹ̀lì náà kì í mọ̀ ní tòótọ́, pé ṣe ló ń ṣírò èyí tó ṣeé ṣe jù. Mo ní a jẹ́ pé àbá ló ń dá. O ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àbá tó níwọ̀n. Ọmọ mi, ọdún mọ́kàndínlógún lo fi lọ ilé ìwé, mo ta kẹ̀kẹ́ ìránṣọ mi kejì lórí ẹ̀. Mi ò sọ pé nǹkan kan ṣe o, mo kàn ń rántí ni. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré, mo ti ń mọ ìgbà tí bàbá rẹ fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò sì dé e ní fìlà kankan.

Ìgbà ọgọ́fà ni àwòrán ọwọ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà, ìgbà ọgọ́fà ni ẹ ní kó ro ó, kó má mira. Ẹ fi apá kan kọ́ mọ́dẹ̀lì, ẹ fi èyí tó kù dán an wò. O ní wọn kì í jẹ́ kó rí ìbéèrè ìdánwò ṣáájú. Mo yìn yín níbẹ̀, tíṣà tó kọ́ ọ ní ìwé kẹta ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbájáde dé: mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọ̀gá rẹ dìde. Ó ní òun ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Ó na ọwọ́, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ kúrò lórí apá àga, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Láti ọdún méjì, gbogbo ayé ni wọ́n ti kọ́ láti máa bọ bàbá rẹ lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, ó sọ fún awakọ̀ tí kò bi í léèrè pé ọwọ́ òun ò kú, ọ̀nà ló dí. Kí a tó dé ilé rẹ, ó ti sọ irú pákó tó máa fi kan tábìlì fún yàrá rẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀gá rẹ ní àwọn àlejò tó ń fi owó ran iṣẹ́ yín lọ́wọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, pé mẹ́sàn-án yìí ni òun máa gbé síwájú wọn. Inú gbogbo èèyàn dùn. Ìwọ nìkan lo jókòó síwájú àwọn ìlà wúruwùru tó wà lójú kọ̀ǹpútà, o ń wò wọ́n. Mo mọ ojú yẹn. Ojú náà lo fi wo oníbàárà mi nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, tí o sọ fún un pé apá ẹ̀wù rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, kí n tó gbowó. Mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

O ní eyín ni. O ní nígbàkúùgbà tí àwòrán ẹ̀ṣẹ́ bá ti yọ, bàbá rẹ á fún eyín mọ́ eyín, pé iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń pariwo lára wáyà ju ọpọlọ lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mọ́dẹ̀lì ń kà, kì í ṣe ọwọ́. Ọ̀gá rẹ ní ta ló bi ọ́. O ní kí ẹ tún un ṣe, kí bàbá rẹ dẹ ẹnu sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe. Mẹ́fà ló mú nínú mẹ́wàá. O ń sọ fún un pé ẹni tó bá ń dá àbá lásán nínú mẹ́rin, méjì àbọ̀ ló máa mú, pé mẹ́fà kì í ṣe kékeré. Èmi gbọ́ ọ. Bàbá rẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ó dìde pẹ̀lú fìlà lórí, wáyà ń fà á lẹ́yìn, ó ní fọ́ọ̀mù sọ pé òun lómìnira láti máa lọ. Mo ti fi fọ́ọ̀mù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò mọ̀ pé bàbá rẹ ló máa wúlò fún.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa bọ̀ nílé, ó ní o pe òun lólè. Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lo pè lólè, kì í ṣe òun. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn àjèjì gbà pé ọwọ́ òun wà láàyè, ọmọ òun ló jẹ́rìí pé ó ti kú.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún un nígbà náà. Nígbà tí o tú wáyà kúrò lórí rẹ̀ tán, ọ̀gá rẹ fà ọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ sì gbàgbé pé bẹ́ńṣì mi ò jìnnà. Ó ní tó bá jẹ́ mẹ́fà ni àwọn àlejò máa bá, kí o lọ máa wá iṣẹ́ míì. O ní o gbọ́. Ìwọ tí o máa ń pè mí tí ikán bá wọ bàtà rẹ, o ò sọ èyí fún mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé sùúrù mi ti tán. Mo da bọ́tìnnì sínú àpò, pupa, funfun, dúdú àti búlúù, iye kan náà. Mo gbé e síwájú bàbá rẹ. Mo ní kó dá àbá àwọ̀ tó máa jáde, kí n tó mú un. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí mo bá ti mú un jáde mo ń dá a padà. Ó gba mẹ́ta. Ó ní àpò náà ni kò dáa. A tún un ṣe, ó gba méjì. Ó fa àpò náà mọ́ra, ó fi ọwọ́ òsì ṣe é fúnra rẹ̀, ó gba mẹ́ta. Ó wá bi mí pé mélòó ni ẹ̀rọ ọmọ wa mú nígbà tí òun dẹ ẹnu. Mo ní mẹ́fà. Ó wo àpò. Ó ní àwọ̀ mélòó ló wà níbẹ̀, mo ní mẹ́rin. Mo fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́ta. Ó ní a jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn rí nǹkan lórí òun. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún un.

Láti ọjọ́ kejì rẹ̀ ló ti ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ní àràárọ̀. Á gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí pákó, á fi pẹ́ńsù káfíńtà rẹ̀ sáàárín eyín láì tẹ̀ ẹ́, á máa ro ẹ̀ṣẹ́. Tó bá rò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá, á yọ pẹ́ńsù náà, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀, á wo bóyá àpá eyín wà lára rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó jẹ pẹ́ńsù méjì. Òní ló pé ọjọ́ kọkànlá, pẹ́ńsù kan náà ló ti ń lò láti ọjọ́ mẹ́rin. Onígbàjámọ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó rí i tó la ẹnu sílẹ̀ tí itọ́ ń kán, ó sáré lọ sọ fún àdúgbò pé òun kúkú ti wí. Àwọn èèyàn ń wá kí mi kú ìrọ́jú. Mo ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Obìnrin ìwé tiẹ̀ mú búrẹ́dì wá, a sì jẹ ẹ́.

Mi ò tọrọ owó o. Mo kàn ń sọ pé ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ kì í gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, àwa sì jẹ́ méjì. Bí o bá máa fi ránṣẹ́, má fi í gba báǹkì. Ní ọjọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n ní kí n tẹ ìka, abẹ́rẹ́ ti jẹ gbogbo ojú ìka mi, ẹ̀rọ wọn ní kì í ṣe èmi ni mí. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ mọ̀ mí, èmi ni mo rán aṣọ tó wọ̀, ó ní ẹ̀rọ ló lọ́rọ̀. Fi rán ẹni tó lójú. Kí o sì fi ike ìpara tútù yẹn kan sí i, irun bàbá rẹ tó ń hù padà, ó ti rọ̀ láti ọjọ́ náà.

Tí ọ̀gá rẹ bá lé ọ, wá sílé. Kẹ̀kẹ́ ìránṣọ kan ṣì wà, mo sì mọ ẹni tí wíwọn nǹkan ò lè sú. Kí ọwọ́ rẹ máa ṣe ohun tí orí rẹ bá rò, kí orí rẹ má ro ohun tí ọwọ́ rẹ máa tijú láti ṣe. Kí orí rẹ má di ohun tí àwọn èèyàn á máa dá àbá lé. Kí o jẹun kí o tó ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ.

Bàbá rẹ ní òun fẹ́ kọ díẹ̀ síbí. Ọwọ́ òsì ni, fara balẹ̀ kà á.

Ọmọ mi. Mẹ́fà ni tèmi. Mẹ́sàn-án yẹn kì í ṣe tèmi, má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ kà á sí mi lọ́rùn níwájú àlejò. Mò ń bọ̀ kí wọ́n tó dé, ẹ máa tún un ṣe lójú wọn. Mo ní ìbéèrè kan. Tí ẹ bá ní kí n ro ọwọ́, ṣé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí ni kí n máa rò, àbí èyí tí mo fi kan bẹ́ẹ̀dì tí o sùn ní kékeré? Èyí àtijọ́ ni mo ti ń rò. Tí kò bá bófin mu, sọ fún mi, màá fi í sílẹ̀.